Ẹni tó jẹ òdòdó mi

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì ń dùn bọ̀ títí mo fi dé ibi tí o ti ní o fẹ́ kó àwọn òdòdó ọ́kíìdì rẹ síta kí wọ́n lè máa gba atẹ́gùn. Mo ní háà! Gbọ́ tèmi ná kí o tó gbé ìkòkò kankan.

O rántí ọ́kíìdì funfun yẹn, èyí tí o máa ń pè ní ìyàwó mi? Odidi ọdún kan ni kò fi ṣe nǹkan kan ju pé ó yọ ewé méjì lọ. Ìgbà tó yá, ó yọ ọ̀pá òdòdó, ìrudi mẹ́sàn-án ló tò sórí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ka mẹ́rin. Mo tún un kà, mẹ́rin náà ni.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo rí ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ń gbẹ́ inú ìkòkò yẹn, tó ń da èèpo igi tí mo fi gbìn ín káàkiri. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́, mo lọ ra nẹ́ẹ̀tì onírin, mo fi ṣe àgò bo òdòdó náà, mo sì lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó ku méjì.

Oòrùn àárọ̀ ló là mí lójú. Ó ràn sára nẹ́ẹ̀tì, mo wá rí i tí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń dán lára wáyà, bíi pé ẹnì kan fi itọ́ fa ìlà síbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sì í fi itọ́ rìn. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ mo mú tọ́ọ̀ṣì jáde. Bọ́lá, ó wà níbẹ̀! Ìgbín tí kò ní ìkarahun, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, ó lẹ̀ mọ́ ìrudi kan, ó ń jẹun ní tiẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fìwé pè. Nígbà tí mo tan iná sí i, ó kàn fa ìwo kan wọlé ni, kò dá ẹnu dúró.

Mo yẹ gbogbo ìkòkò wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ wọn ni àwọn ìgbín yìí fi ṣe ilé. Àwọn wẹ́wẹ́ mìíràn wà láàárín èèpo igi, wọn ò tó èékánná, ṣóńṣó gbòǹgbò ni wọ́n ń jẹ, àwọn yìí gan-an ni mo sì bẹ̀rù jù. Ri ìkòkò sínú omi títí dé ẹnu, wọ́n á gun òkè wá fúnra wọn, kí o máa ṣà wọ́n. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni òwú gbígbẹ tí mo wé mọ́ ìdí ọ̀pá òdòdó. Tí òjò bá ti pa á, pààrọ̀ rẹ̀. Tí o bá sì fi wáyà so ìkòkò kọ́, rí i pé ewé kankan kò kan ògiri, nítorí afárá ni wọ́n máa fi í ṣe. Bàbà (copper) tí wọ́n ní ká wé mọ́ ìkòkò kò dá àwọn ìgbín tèmi dúró.

Tí o bá fẹ́ ra oògùn ìgbín, iron phosphate ni kí o béèrè. Èyí tí wọ́n ń pè ní metaldehyde lè pa ajá, o sì mọ bí ajá tìrẹ ṣe máa ń lá gbogbo nǹkan.

Wọ́n á tún sọ fún ọ pé kí o da kọfí sí i. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀: ní 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Hawaii kọ ọ́ pé omi tí caffeine (èròjà inú kọfí tó ń lé oorun) inú rẹ̀ tó ìdá 2 nínú 100 ń pa ìgbín inú ìkòkò ọ́kíìdì. Ṣùgbọ́n ife kọfí tí à ń mu kò sún mọ́ ìyẹn rárá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tí èmi dà sí tèmi, olú ló hù lórí rẹ̀.

Mo bẹ ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn, àmọ́ òun náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí o tẹ́ sórí èèpo igi, kò ní jẹ́ kó gbẹ́ ẹ. Omi ata ń lé òun àti eku, ẹyẹ ni kò ka ata sí. Tí òdòdó tó là lánàá bá rọ lójijì, wo àárín rẹ̀: tí ìyẹ̀fun ofeefee tó ṣù jọ níbẹ̀ bá ti lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èkúté. Ibi tí àgbọ̀nrín bá jẹ máa ń ya jánkajànka, torí kò ní eyín iwájú lókè. Ọgbà tó ga tó mítà 2.4 nìkan ló ń dá a dúró. Tata, àárọ̀ kùtù ni kí o fọwọ́ mú un, kí ara rẹ̀ tó yá.

Méjì tó ṣẹ́kù yẹn là. Ọ̀kan ní ihò létí, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Yí àwọn ìkòkò rẹ wò nísàlẹ̀, kí o sì kọ̀wé sọ ohun tí o bá níbẹ̀ fún mi. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Yétúndé