Lẹ́tà sí Bàbá àti Ìyá mi nípa iṣẹ́ fèrèsé tí mo bẹ̀rẹ̀

Chatham, Kent,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi àti Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú àìrí wa sójú. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá mi ti fúyẹ́, àti pé gbogbo ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní àlàáfíà. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ní kí n kí yín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí a lè parí lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Túndé sọ fún mi pé ìròyìn ti dé etí yín pé mo fi iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀, pé mo ń gun àkàsọ̀ kiri láti máa nu fèrèsé onífèrèsé, àti pé Bàbá mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ. Òtítọ́ ni pé mo ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí, òtítọ́ sì ni pé fèrèsé ni mò ń nù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mú ìròyìn náà wá ṣe sọ ọ́ kò jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu èmi fúnra mi.

Ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í nu ìta fèrèsé wọn fúnra wọn. Dígí fèrèsé ibí tóbi, púpọ̀ nínú wọn ló wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí ọwọ́ kò lè tó láti inú ilé, ekuru ojú títì àti ìgbẹ́ ẹyẹ sì máa ń bà wọ́n jẹ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń gba ẹni tí yóò máa wá nù wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin tàbí mẹ́jọ mẹ́jọ. Onítọ̀hún kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é. Bí ọjọ́ bá ti pé, á dé, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á sì kọjá sí ilé tó tẹ̀ lé e. Yóò yé Ìyá mi kíákíá bí mo bá ní ó jọ iṣẹ́ alájọ tó máa ń yí ọjà ká: ó mọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sì mọ̀ ọ́n, ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tó ń dá owó fún un sì ni gbogbo ọjà tí ó ní. Àwọn ilé tí ènìyàn ń yí ká bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní round níbí, òun gan-an sì ni dúkìá tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì lè tà á fún ẹlòmíràn, wọn a sì díye lé e ní ìlọ́po iye tó ń mú wọlé lóṣù.

Ohun tí mo rí nìyí tí mo fi kúrò níbi tí mo wà. Ní ilé ìkẹ́rùsí, bí mo tilẹ̀ lo ogún ọdún, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ọwọ́ òfìfo ni n ó bá jáde. Ilé kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbà nínú iṣẹ́ yìí, tèmi ni, títí dìgbà tí onílé bá sọ pé òun kò fẹ́ mọ́.

N kò ṣàdédé gbé bókẹ́ẹ̀tì jáde. Òyìnbó àgbàlagbà kan ládùúgbò wa, tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ló gbà kí n máa tẹ̀ lé òun ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ ní iṣẹ́ télọ̀ títí wọ́n fi gba òmìnira, Bàbá mi, ẹ mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi bá ṣe ohun tí kò dára, á gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi, á tún un ṣe lójú mi, á sì dá a padà fún mi. Irinṣẹ́ tí mo ń wí ni squeegee, irin tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lẹ́nu, tí a fi ń gbá omi ọṣẹ kúrò lójú dígí. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, Ettore Steccone, ló ṣe irú èyí tí a ń lò títí dòní, ní ìpínlẹ̀ California, ní ọdún 1936. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tó fi ilé sílẹ̀ láti wá jíjẹ mímu lókèèrè bíi tèmi ló ṣe ohun tí gbogbo wa ń mú dání.

Lílò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lọ́jọ́ kan. A ó kọ́kọ́ fi aṣọ onírun tí a rì sínú omi ọṣẹ fọ dígí dé gbogbo igun rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó fi aṣọ gbígbẹ nu etí rẹ̀ lókè díẹ̀, kí rọ́bà lè bẹ̀rẹ̀ lórí ibi gbígbẹ, nítorí pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lórí omi, ìlà ni yóò fà sílẹ̀. A ó wá dẹ irin náà díẹ̀, a ó fà á láti apá kan dé èkejì, a ó yí ọrùn ọwọ́ níbi igun láìgbé e kúrò, a ó tún fà á padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èjìká. Rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ bá sì ti ya, bó ti wù kí ó kéré tó, pípààrọ̀ ló kù, nítorí pé gbogbo dígí tó bá kàn ni yóò fi àmì sí.

Ní ti àkàsọ̀ tó ń kó ìpayà bá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin kan ti wà níbí láti ọdún 2005 lórí iṣẹ́ ṣíṣe ní ibi gíga, tó sọ pé bí iṣẹ́ bá ṣeé ṣe láìgòkè, ilẹ̀ ni kí a ti ṣe é. Nítorí òfin yìí àti nítorí ẹ̀mí ara wọn, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ti fi àkàsọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pá gígùn tí omi ń gba inú rọ́bà gòkè lọ sí búrọ́ọ̀ṣì tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀pá náà ṣeé fà gùn, ó sì ṣeé kì bọ inú ara rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo ń dúró sí tí mo fi ń fọ fèrèsé òkè.

Omi ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ẹfun pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Kent, inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi tí à ń mu sì ti ń wá, nítorí náà omi ẹ̀rọ ibí kún fún ohun tó ti yòrò sínú rẹ̀. Ìyàwó mi kì í yé ráhùn lórí ohun funfun líle tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbẹ lójú dígí, omi á lọ, ẹfun á kù, yóò sì fi àmì funfun sílẹ̀ káàkiri. Ìdí nìyí tí mo fi ń sẹ́ omi kí n tó lò ó. Páǹpù á tì í kọjá lára awọ tín-ín-rín kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú ẹfun náà kọjá, lẹ́yìn náà á gba inú résìn, àwọn hóró kéékèèké tó ń mú èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka iye ohun tó yòrò sínú omi, tí mo máa ń tì bọ inú rẹ̀ láàárọ̀. Bí ó bá ti ka òdo, omi ti ṣe tán. N kì í fi ọṣẹ sí i, n kì í sì fi aṣọ nù ún lẹ́yìn tí mo bá ṣàn án. Bó ṣe wà ni yóò ṣe gbẹ, tí dígí á sì mọ́ roro. Apá kan omi náà máa ń ṣòfò nígbà tí mo bá ń sẹ́ ẹ, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé n kò tíì gbàgbé bí kànga wa ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti ń gbe èyí tí mo bá lè gbè sínú dírọ́ọ̀mù, òun ni mo fi ń fọ ọkọ̀.

Ohun tí mo ń ṣọ́ra fún jù ni wáyà iná, nítorí pé carbon fibre, ohun líle tó fúyẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá náà, máa ń gbé iná. N kì í na ọ̀pá ní ilé kankan láìkọ́kọ́ wòkè. Bí wáyà bá wà nítòsí, n kò ní na án, bó ti wù kí onílé bẹ̀ mí tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Chatham jẹ́ ìlú olókè, àwọn ilé tó so mọ́ ara wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí ibùdó ìkanọkọ̀ ojú omi ìjọba ṣì ń gba òṣìṣẹ́, kí wọ́n tó tì í pa ní 1984. Lórí ilé kékeré bẹ́ẹ̀, pọ́n-ùn 15 ni mò ń gbà. Ti ìgbà àkọ́kọ́ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdọ̀tí tó ti pẹ́ lára férémù. Iye náà kò pọ̀ lójú ilé kan, ṣùgbọ́n bí ilé mẹ́wàá bá wà ní òpópónà kan náà, tí n kò ní láti wa ọkọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì, iṣẹ́ òòjọ́ ti pé nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn ní àwọn òpópónà tí mo ti ní oníbàárà dípò kí n máa fò káàkiri ìlú.

Kíkan ilẹ̀kùn ni ó le jù. Àwọn kan máa ń wò mí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọn kò sì ní ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ wọ ẹ̀yìnkùlé onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí òun í ṣe, nítorí náà mo tẹ orúkọ iṣẹ́ mi àti nọ́ńbà mi sára aṣọ àti sára ọkọ̀, mo sì máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n lè ṣí géètì sílẹ̀. Ó ń so èso. Ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé ti mú mi mọ ará ilé mẹ́ta lójú títì rẹ̀, ó sì máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kí a lè jọ kí ara wa.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ agbowó-orí tí à ń pè ní HMRC, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀ bíi tèmi gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó kọjá ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàwà tó tẹ̀ lé òpin ọdún owó orí náà, kí ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wọn kí oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Mo ti gba inṣọ́ránsì pẹ̀lú, nítorí bí mo bá ba nǹkan onílé jẹ́. Ní Scotland, ìjọba ìbílẹ̀ lè ní kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kó tó nu fèrèsé, ṣùgbọ́n ní England kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn tó ń já iye sílẹ̀ pọ̀.

Túndé ní òun fẹ́ wá kàwé níbí kí òun sì máa bá mi ṣe é. Ẹ bá mi sọ fún un pé físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Tèmi fàyè gbà á. Bí ó bá fẹ́ wá, kí ó wá nítorí ìwé, kí ó má sì tìtorí tèmi gbé ohun tó lòdì sí òfin.

Bàbá mi, mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ ń rán aṣọ mọ́jú kí n lè parí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ́fíìsì ni ẹ ń fọkàn rò. Ẹ̀kọ́ náà kò ṣòfò. Òun ni mo fi ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀ lálaalẹ́. Bí àwọn ènìyàn bá bi yín léèrè, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ pé báńkì ni mo wà. Ẹ sọ fún wọn pé fèrèsé ni mò ń nù, pé mo sì ti ní iṣẹ́ tèmi.

Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ yóò dín kù títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá, nítorí pé ilẹ̀ máa ń tètè ṣú ní oṣù Ọ̀pẹ, omi sì máa ń dì nínú rọ́bà láwọn àárọ̀ mìíràn. Oògùn Ìyá mi kò sí lára ohun tí yóò dín kù. Páànù òrùlé ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ní sùúrù lé lórí: kí káfíńtà fi táńpólì bo apá ibi tó ń jò fún ìgbà díẹ̀ náà, kí ó sì kọ iye páànù tí yóò tó gbogbo rẹ̀ fún mi, kí n lè mọ iye tí n ó máa yà sọ́tọ̀ fún un láti oṣù Ẹrẹ̀nà lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé