Ẹni tó gun two-stroke láyé ọjọ́un ò parọ́ fún yín o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀dọ́kùnrin kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní irọ́ ni dádì òun àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń pa tí wọ́n bá ti jókòó tí wọ́n ń sọ pé kò tíì sí máṣíìnì tó ń sáré bí àwọn two-stroke ayé ìjọ́sí. Ó ní òun yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yamaha RD350LC tí wọ́n ń pọ́n lé yẹn, agbára ẹṣin 47 péré ló ní, eré ẹ̀ ò ju bíi 110 máìlì ní wákàtí kan lọ, bẹ́ẹ̀ máṣíìnì 1000cc, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó lítà kan, tí wọ́n ń tà lónìí ń lọ sí agbára ẹṣin 200, kí wá ni wọ́n ń pariwo fún? Ọmọ dáadáa ni, kò rí àwọn àgbà fín, iye tó kọ náà sì tọ̀nà. Àmọ́ àwọn dádì yẹn ò parọ́ fún un. Èmi náà gun LC yẹn ní London níbí, mo mọ ohun tí ara wọn ń rántí, ó sì wù mí kí ẹnì kan ṣàlàyé ẹ̀ fún un nígbà tá a ṣì wà láyé.

Inú ẹ́ńjìnnì ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Four-stroke, irú ẹ́ńjìnnì tó wà lára púpọ̀ nínú máṣíìnì òde òní, písítìn ẹ̀, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà tí epo ti ń jó, máa lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, two-stroke ní tiẹ̀, gbogbo ìgbà tí písítìn bá ti dókè ni iná ń ṣẹ́. Ihò ni wọ́n dá sára sílíńdà, písítìn fúnra ẹ̀ ló ń dí i tó tún ń ṣí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ihò tí èéfín ń gbà jáde àti èyí tí epo tuntun ń gbà wọlé máa ń ṣí sílẹ̀ pọ̀, epo tí ò tíì jó á bá èéfín jáde lọ, àdánù nìyẹn. Sáléńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde yẹn, ló tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ wò ó dáadáa, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó yọ ikùn láàárín, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, wọn ò ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ẹwà o, ìró tó bá jáde látinú ẹ́ńjìnnì máa lọ gbá ìdí páìpù yẹn, á ta padà, á ti epo tó ti fẹ́ sá lọ yẹn padà sínú sílíńdà kí písítìn tó dí ihò. Ṣùgbọ́n ìró yẹn gbọ́dọ̀ dé lásìkò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, kì í dé lásìkò, páìpù ò ràn yín lọ́wọ́ rárá, máṣíìnì á kàn máa húkọ́ kiri àárín ìlú. Ìgbà tó bá wá tó bí ìyípo 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, lórí LC tèmi, gbogbo ẹ̀ á bára mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, máṣíìnì tó ń lọ jẹ́jẹ́ á fò dìde bí ẹni tí wọ́n pè pé ilé ẹ̀ ń jóná, ohùn ẹ̀ á yí padà, ọwọ́ yín á nà gbọnrangandan, táyà iwájú á fẹ́ẹ́ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ó ti tó kẹ́ ẹ tún jíà yí.

Ohun tí wọ́n ń pè ní eré nìyẹn. Máṣíìnì 1000 òde òní lágbára jù ú lọ fíìfíì, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀, àmọ́ látìsàlẹ̀ ló ti ń fún ẹ lágbára bọ̀, kọ̀ǹpútà tún wà níbẹ̀ tó ń bá ẹ ṣọ́ ọ. Ara èèyàn kì í rántí iye tó wà lójú mítà, ìgbà tí nǹkan yí padà lójijì ló máa ń rántí.

Tí ọ̀dọ́kùnrin yìí bá sì fẹ́ràn iye, mo ní ọ̀kan fún un. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ páìpù yìí dójú ẹ̀ ni Walter Kaaden, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún MZ, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe máṣíìnì ní ìlú Zschopau ní Ìlà Oòrùn Jámánì, níbi tí owó ò sí, tí irin tó dáa gan-an ò sí. Lọ́dún 1961 ẹ́ńjìnnì 125 kékeré tó ṣe mú agbára ẹṣin 25 jáde. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, agbára ẹṣin 200 fún lítà kan! Ohun tí máṣíìnì 1000 ẹ̀ ń ṣe lónìí yẹn gan-an ni o, 1961 ni wọ́n ti ṣe é. Ernst Degner ló ń gùn ún fún wọn, ìdíje àgbáyé ọdún yẹn sì ti fẹ́ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Oṣù kẹsàn-án, tí odi Berlin ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, wọ́n lọ díje ní Kristianstad ní Sweden, Degner ò padà sílé mọ́. Wọ́n ti gbé ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ pamọ́ sínú búùtù mọ́tò kọjá bọ́dà. Ó gba ọ̀dọ̀ Suzuki ní Jàpáàn lọ tòun ti gbogbo ohun tó mọ̀, nígbà tó fi máa di 1962, òun àti Suzuki ti gba ife àgbáyé ti 50cc. Mi ò lè dá ọkùnrin tó ń wá bó ṣe máa kó ìdílé ẹ̀ jáde lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n Kaaden ló máa ń ṣe mí láàánú, ó dúró sídìí iṣẹ́ ẹ̀ ní Zschopau, ayé wá ń pe ọgbọ́n ẹ̀ ní ọgbọ́n Jàpáàn. Phil Read fi Yamaha two-stroke gba ife àgbáyé ti 250 ní 1964, Agostini fi Yamaha two-stroke gba ti 500 ní 1975, látìgbà yẹn títí di 2001 kò sí four-stroke kankan tó tún gba ife 500 mọ́.

Ìgbà tá a dé London, nǹkan yìí ti bọ́ sí títì. Ẹ gbọ́ o, títí di 1983, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máṣíìnì, tí ò tíì ṣe tẹ́ẹ̀sì, tó kàn lẹ L pupa mọ́ ẹ̀yìn, òfin gbà á láyè láti gun 250! Suzuki wá gbé X7 jáde ní 1978, wọ́n ń polówó ẹ̀ pé 250 tó lè dé 100 máìlì ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ń rà á. Ní 1980 ni LC dé, tó jẹ́ omi ló ń mú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tutù dípò atẹ́gùn, 250 àti 350. Àwa kan tá à ń fi máṣíìnì gbé lẹ́tà kiri àwọn ọ́fíìsì City ò sùn, ó di dandan ká ní ọ̀kan. Sunday a máa ń kó ara wa lọ sí Box Hill ní Surrey. Láti 1981 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìdíje Pro-Am tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, LC 350 ni gbogbo wọn ń gùn, oníkálukú á fa kọ́kọ́rọ́, èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló máa gùn, torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé máṣíìnì ẹnì kan ló dáa jù. Wọ́n ń ja ìjà níbẹ̀ gan-an!

Mi ò ní fi ibi tó korò pamọ́. Kawasaki ti gbé 500 H1 jáde láti 1969, sílíńdà mẹ́ta, agbára ẹṣin 60, bíréèkì díróòmù, tí kì í tètè dá irú eré yẹn dúró, ni wọ́n fi síwájú ẹ̀, ẹ ò rí nǹkan. Lẹ́yìn náà 750 H2 dé ní 1972 pẹ̀lú agbára ẹṣin 74, férémù ẹ̀ ò gbà á, tó bá wọ kọ́nà á máa mì, asọyàwódopó ni wọ́n ń pè wọ́n. Two-stroke tún ní tiẹ̀, òróró tó ń tọ́jú písítìn, òun àti epo ló jọ ń wọlé, tẹ́ ẹ bá wá dín epo tẹ́ ẹ ń fún un kù lójijì níbi tẹ́ ẹ ti ń sáré, òróró á dín kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná tó ṣì ń yí, písítìn lè há, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi máa ń gbé ìka méjì lé kílọ́ọ̀ṣì nígbà gbogbo, ká lè tètè já táyà gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Dòní olónìí tí mo bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ mi, ìka mi á ti lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, jáde lórí 250 lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, kò padà wálé. Torí náà tí dádì ẹnì kan bá ń rẹ́rìn-ín tó ń sọ̀rọ̀ máṣíìnì yẹn, ẹ fara balẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ní ọ̀rẹ́ kan tó kú tí kì í dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀.

Òórùn ẹ̀ ńkọ́! Àwọn tó ń díje máa ń lo òróró èso lárà, lárà tá a mọ̀ nílé yìí náà, ẹ̀ ń gbọ́ òórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí máṣíìnì. Èmi ò bá òórùn two-stroke pàdé ní London o, Yamaha 100 ti bọ̀dá mi àti Vespa àwọn tíṣà ní Ìbàdàn ni mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Tẹ́ ẹ bá sì bá àwọn àgbà Kútọnù tó ti ṣe zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, jókòó, wọ́n á sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń ra epo tí wọ́n ti pò mọ́ òróró nínú ìgò lẹ́bàá títì.

Mi ò sọ pé kí wọ́n kó o padà wá sí títì Èkó, èéfín ẹ̀ burú, àwọn ará Amẹ́ríkà fi òfin èéfín ọdún 1978 lé púpọ̀ nínú wọn kúrò nílùú, ó sì tọ́. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́dọ̀ yín, Olóòtú, ni pé kẹ́ ẹ fún wa ní ojú ìwé kan, kódà kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tó gun two-stroke, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Kútọnù tàbí ní Peckham, kọ orúkọ máṣíìnì ẹ̀ síbẹ̀, ọdún tó rà á, ọ̀nà tó ti gùn ún, àti àwọn tí wọ́n jọ gùn ún. Kí ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló kọ́kọ́ lọ bá dádì ẹ̀, kó mú bíírò dání.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Peckham, London.