Ẹ Má Ní Kí A Pa Adènà Ìpolówó

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí ni ìkéde kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ìkànnì ìwé ìròyìn yín, tí ó ń rọ àwa òǹkàwé tí a ń lo adènà ìpolówó (ètò tí kì í jẹ́ kí ìpolówó yọ lójú ìkànnì) pé kí a jọ̀ọ́ kí a pa á, nítorí pé owó ìpolówó ni ẹ fi ń san owó oṣù àwọn akọ̀ròyìn. Òótọ́ ni, n kò sì fẹ́ kí ìwé ìròyìn Yorùbá kankan kógbá sílé. Síbẹ̀, n kò ní pa á, mo sì rò pé ó tọ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ti owó kò gùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó tí ó lè tó ìdá 50 nínú 100 kún iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí ó bá ń ka ìròyìn yín nínú ọkọ̀ láti Ìwó Róòdù lọ sí Dùgbẹ̀, dátà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà ni ó fi ń kà á, dátà yẹn náà sì ni fídíò ìpolówó tẹ́tẹ́ tí kò béèrè ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló wúwo jù. Ìpolówó tí ẹ tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn tí a ń rà lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní Mọ́kọ́lá kò mọ ẹni tí ó ń kà á. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n. Bí ojú ìwé kan bá ti ṣí, kóòdù àwọn iléeṣẹ́ tí òǹkàwé kò gbọ́ orúkọ wọn rí yóò ṣí pẹ̀lú rẹ̀, yóò fi kúkì (àmì kékeré tí wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀) sínú fóònù rẹ̀, ibòmíràn tí ó bá sì lọ, bí kóòdù wọn bá ti wà níbẹ̀, wọn yóò dá a mọ̀. Google ṣèlérí ní oṣù Kìíní 2020 pé láàárín ọdún méjì òun yóò mú irú kúkì yìí kúrò nínú Chrome, bùráúsà rẹ̀ tí a fi ń ṣí ìkànnì. Ó sún un síwájú, ó tún sún un, títí ó fi sọ ní oṣù Keje 2024 pé òun kò mú un kúrò mọ́. Safari, bùráúsà ti Apple, ti ń dènà wọn pátápátá láti 2020. Ní ti Firefox, láti 2022 ni ó ti há kúkì ìkànnì kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè tirẹ̀. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nígbà náà, àfi fún ẹni tí ìpolówó jẹ́ orísun èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀.

Ohun tí ó kan adènà ìpolówó gan-an ni pé Google yìí náà ni ó ń pinnu bí a ṣe lè dènà. Lórí kọ̀ǹpútà, uBlock Origin ti Raymond Hill, adènà tí ó jẹ́ àfikún (ètò kékeré tí a ń fi kún bùráúsà), ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Bí ojú ìwé kan bá fẹ́ lọ mú ohunkóhun wá láti ibikíbi, àfikún yìí yóò kọ́kọ́ yẹ ìbéèrè náà wò, yóò sì pinnu lójú ẹsẹ̀ bóyá kí ó kọjá. Ìlànà tuntun tí Google ń pè ní Manifest V3 gba ìpinnu yẹn lọ́wọ́ àfikún, ó gbé e fún Chrome fúnra rẹ̀: àfikún yóò kàn to àwọn òfin rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, iye wọn sì ní òdiwọ̀n. Àwíjàre Google ni pé àfikún tí ó ń rí gbogbo ìbéèrè lè jí ohun ìní ẹni. Àwọn àfikún olè wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà tuntun náà, àfikún ṣì lè máa wo àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn, dídènà wọn nìkan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2024 ni Chrome ti ń pa àwọn àfikún ti ìlànà àtijọ́. Ti Hill tí ó kù síbẹ̀ báyìí ni uBlock Origin Lite, tí agbára rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́.

Lórí fóònù Android, tí ó jẹ́ ohun tí púpọ̀ jù nínú wa ní Ìbàdàn fi ń ka ìwé yín, Chrome kì í tilẹ̀ gba àfikún rárá. Àwọn bùráúsà Edge, Opera àti Brave náà, orí Chromium, ìpìlẹ̀ Chrome tí Google ń darí, ni a kọ́ wọn lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Brave àti Opera ní adènà tiwọn nínú. (Àwa tí a lo Opera Mini nígbà tí dátà ṣọ̀wọ́n mọ̀ pé ó ṣọ́ owó fún wa; ohun tí a kì í sọ ni pé ẹ̀rọ Opera ni ojú ìwé náà ń gbà kọjá kí ó tó dé ọwọ́ wa.) Firefox ni mo fi ń ka ìwé yín, nítorí pé ó gba uBlock Origin lórí fóònù, Mozilla tí ó ni Firefox sì ti sọ pé àwọn kò ní gba agbára àtijọ́ yẹn kúrò. N kò tan ara mi jẹ: owó tí Google ń san kí ẹ̀rọ ìṣàwárí rẹ̀ lè jẹ́ àkọ́kọ́ nínú Firefox ni ó ń gbé Mozilla ró jù, bí a sì ṣe gbọ́ ní kóòtù níwájú Adájọ́ Amit Mehta ní Amẹ́ríkà, bílíọ̀nù 26.3 dọ́là ni Google san fún irú ipò bẹ́ẹ̀ káàkiri ní 2021.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò kọjá agbára yín. Ẹ ta ìpolówó fúnra yín fún àwọn oníṣòwò Gbági àti Bódìjà, kí ẹ gbé e sórí ìkànnì bí àwòrán lásán, láìsí kóòdù ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni adènà kì í dí irú rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà ti 2023 náà fún wa ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a fi ọ̀rọ̀ nípa wa polówó ọjà fún wa. Kí ẹ tó tún gbé ìkéde yẹn jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ tí kóòdù wọn ń ṣí lójú ìkànnì yín, àti ohun tí olúkúlùkù wọn ń kó nípa wa.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Agbowó, Ìbàdàn