Owó tó kù lórí aṣọ kan

Houston, Texas
Oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Ìbejì, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara Màmá ti yá dáadáa? Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un gbọ́. O ní àbúrò rẹ rí aṣọ àdìrẹ tí o pa láró ní ìsọ̀ mi lórí Etsy, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ó rí dọ́là 48 lára rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó lé ní ₦69,000, bẹ́ẹ̀ ₦18,000 ni mo san fún ọ. O wá ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, àmọ́ mi ò bínú sí ọ. Ká ní èmi ni mo ń ti ìdí ìkòkò aró bọ̀ ní Kẹ́mta l'Abẹ́òkúta, tí ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá, tí ẹnìkan sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ hàn mí, ohun tí èmi náà máa rò nìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ni pé bó bá jẹ́ lórí fóònù, a ó kàn máa já lu ọ̀rọ̀ ara wa ni. Gbé e sọ́wọ́, kí o rọra kà á.

Jẹ́ ká mú aṣọ kan ṣoṣo, yáàdì 5, nínú páálí tó dé lóṣù kẹfà. Obìnrin kan ní Ohio ló rà á ní dọ́là 48. Kí n tó pàtẹ ọjà kan lórí Etsy, sẹ́ǹtì 20 ni owó ìsọ̀, oṣù mẹ́rin ló sì ń lò. Bí kò bá tà, mo tún san òmíràn. Bó bá tà, wọ́n á yọ 6.5 nínú 100. (5 nínú 100 ni tẹ́lẹ̀, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n fi kún un.) Lẹ́yìn ìyẹn ni owó káàdì tí oníbàárà fi sanwó, 3 nínú 100 àti sẹ́ǹtì 25 lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 5 àti sẹ́ǹtì kan. Ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ń pàtẹ ní ọjà ẹlòmíràn ní láti sanwó ìsọ̀.

Owó ọkọ̀ ni bàbá gbogbo rẹ̀. Láti ilé mi dé Ohio, dọ́là 11. Ọ̀rá àti ìwé tí mo fi dì í, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 20. Owó tìrẹ, ₦18,000 yẹn, dọ́là 12 àti sẹ́ǹtì 40. Owó bàálù láti Èkó dé ọ̀dọ̀ mi, dọ́là 8 àti sẹ́ǹtì 40. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí o yọ ọ́ kúrò nínú 48. Dọ́là 10 ó dín sẹ́ǹtì kan ló kù. Mi ò tíì ka ìrìn àjò mi sí ilé ìfìwéránṣẹ́ síbẹ̀.

Ìgbà kan wà tí mo jẹ́ kí Etsy máa bá mi polówó ọjà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí oníbàárà bá tẹ ìpolówó yẹn tó sì rajà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, 15 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ àwa tí ọjà wa kò tó dọ́là 10,000 lọ́dún. Lórí aṣọ rẹ, ìyẹn jẹ́ dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 20. Nínú dọ́là 10, kí lo rí pé ó kù? Wọ́n gbà fún irú wa pé ká má ṣe é, mo sì ti yọ ara mi kúrò.

Ọ̀rọ̀ páálí yẹn ló yẹ kí n dúró lé dáadáa, torí ọwọ́ àwa méjèèjì ló wà. Aṣọ mẹ́fà ni o dì sínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n nílé ìdáná mi, kílò 4.5 ni. Àmọ́ kílò 7.2 ni wọ́n gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti fẹ́ bá wọn jà, àfi ìgbà tí mo mú téèpù wọn páálí náà: gígùn rẹ̀ 40 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30. Àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù máa ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, wọ́n á fi 5,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìyẹn àti ìwọ̀n gidi ni wọ́n á gbà. Mo ṣí páálí náà, ìwé ìròyìn tí o fún pọ̀ ló kún àárín rẹ̀, kí aṣọ má baà rún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é. Àmọ́ kílò 2.7 tó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ni mo san dọ́là 7 lé lórí, kílò kọ̀ọ̀kan.

Owó ibodè náà ti dé bá a. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí kò bá ju dọ́là 800 lọ máa ń wọ Amẹ́ríkà láìsan nǹkan kan. Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún yìí ni ìjọba fòpin sí i. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù kẹwàá, inú dọ́là 10 yẹn ni mo ti san tirẹ̀.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mo kọ ọ́ sí ìsọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni owó ìfiránṣẹ́, torí àwọn oníbàárà ibí fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni ń ra gàrí ṣe fẹ́ràn ènì. Mo gbàgbé pé inú agbọ̀n tèmi ni ènì ti ń jáde. Bí mo bá tilẹ̀ yà á sọ́tọ̀, wọ́n á ṣì yọ tiwọn nínú rẹ̀: dọ́là 11 tí oníbàárà bá san fún ọkọ̀, dọ́là 10 ó dín sẹ́ǹtì 5 ló ń wọlé. Obìnrin mìíràn tún dá aṣọ padà torí aró rẹ̀ ràn mọ́ bùláòsì funfun rẹ̀. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé aró máa ń ṣí nígbà àkọ́fọ̀. Mo dá owó rẹ̀ padà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, dọ́là 22, sì bá a lọ. Èrè aṣọ méjì, ó tún lé.

Mi ò ní sọ pé kí o dín owó tìrẹ kù. Mo rí ìyá rẹ tó ń ta ìko mọ́ aṣọ títí ojú fi ń ro ó, mo mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ ká gbìyànjú ni ìborùn. Mo ti ṣírò rẹ̀ ní alẹ́ àná: bí o bá gba ₦5,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo tà á ní dọ́là 26, fífúyẹ́ rẹ̀ mú kí ọkọ̀ níbí má ju dọ́là 6 lọ, owó bàálù rẹ̀ kò tó dọ́là kan ààbọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti mú tiwọn, dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 63 ló kù kí n tó san owó ibodè. Ó ju ti yáàdì 5 lọ, owó tí a sì fi sínú rẹ̀ kò tó ìdajì.

Jọ̀wọ́, ṣe méjìlá fún mi, mẹ́fà oní àwòrán Ìbàdàndùn, mẹ́fà oní àwòrán Olókun. Ká wọn pẹlẹbẹ, fi ọ̀rá wé wọn, fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí o kó wọn sínú àpò. Má lo páálí o. Mo fi ẹ̀dà gbogbo rìsíìtì oṣù kẹfà sínú ìwé yìí. Fi han àbúrò rẹ kó bá mi tún un rò, bóyá mo ti ṣì í níbì kan. Bí o bá sì kà á tán tí o ṣì rí i pé ₦18,000 kò tó ọ lórí aṣọ ńlá, sọ iye tí o fẹ́ fún mi. Mo ń retí ohùn rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré