Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò gbé ìròyìn yín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí bàbá mi ti máa ń rán mi lọ rà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀, tí wọ́n á ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí àwọn tó kà á tán. Bàbá ti lọ, àmọ́ Màmá ṣì wà, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, orí fóònù mi la ti jọ ń kà yín báyìí. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá wọ́n ní kí n ṣí ibi tí ẹ ti kọ̀wé nípa oúnjẹ àwọn àgbàlagbà, mo ṣí i, fọ́tò ni mo bá. Ẹ ya ojú ìwé náà ní fọ́tò, ẹ sì gbé fọ́tò náà síbẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́ kí lẹ́tà lè tóbi, ó bá di bàìbàì, mo fà á sápá òsì, mo tún fà á sápá ọ̀tún, kí n tó ka ìlà kan dópin Màmá ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ní kí n kọ́pì ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin tó wà ní London, kò ṣe é kọ́pì. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jìn ju fọ́tò lọ, ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pánsẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta níbí, a máa ń tẹ̀wé, a máa ń ṣe fọ́tókópì, a máa ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Nínú mẹ́wàá tó bá wọlé, mẹ́sàn-án á ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣí Google." Wọn ò ní sọ pé kí n ṣí bráwúsà, torí wọn ò mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Lójú wọn Google ni íńtánẹ́ẹ̀tì, Chrome ni Google, gbogbo ẹ̀ ti pò pọ̀ bí ewédú àti gbẹ̀gìrì. Mi ò dá wọn lẹ́bi o, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, inú fóònù ni wọ́n ti bá a nígbà tí wọ́n rà á. Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn: íńtánẹ́ẹ̀tì ni títì, wẹ́ẹ̀bù ni ọjà tí títì yẹn gbé wa dé, bráwúsà ni mọ́tò tá a wọ̀ lọ sọ́jà, Google sì dà bí ẹni tá a bi pé níbo ni ìsọ̀ aláṣọ wà. Ẹni tó dá ọjà yẹn sílẹ̀, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, òun náà ló ṣe mọ́tò àkọ́kọ́ ní 1990, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé kò sẹ́ni tó máa san owó ìsọ̀, ẹni tó bá wù kó wá máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn inú mi máa ń dùn, torí ká ní wọ́n gbé géètì síwájú ọjà yẹn ni, irú èmi ò bá tí ráàyè wọlé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mọ́tò ti fẹ́ẹ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ wò ó, Chrome, Edge ti Microsoft, Opera, Brave, èyí tó máa ń wà nínú fóònù Samsung, orúkọ ló yàtọ̀, Chromium, ìpìlẹ̀ bráwúsà tí Google ń darí, ni gbogbo wọn gùn lé, bíi búkà márùn-ún tó ń bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan. Opera ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀ ní 2013, Microsoft náà fi tiẹ̀ sílẹ̀ ní 2020. Ó ku Safari ti Apple tó ń lo WebKit, àti Firefox ti Mozilla tó ń lo Gecko. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ o, Chromium fúnra ẹ̀, sọ́fítíwíà tó ṣí sílẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni lè lọ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kódà tí ẹ bá tọ ipasẹ̀ ẹ̀ padà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ KHTML, ẹ́ńjìnnì bráwúsà kan, fún ẹgbẹ́ KDE lẹ máa já sí, àwọn tó ń fi àkókò ara wọn ṣiṣẹ́ fún ará ìlú, Apple mú iṣẹ́ yẹn ó di WebKit tí wọ́n fi gbé Safari jáde ní 2003, Google mú WebKit wọ́n fi ṣe Chrome ní 2008, ní 2013 wọ́n ya tiwọn sọ́tọ̀ wọ́n pè é ní Blink. Irúgbìn kan ṣoṣo tí wọn ò kó pamọ́ ló bí gbogbo ìyẹn, mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an ni. Àmọ́ pé ìkòkò ṣí sílẹ̀ kò ní kí ẹni tó di ṣíbí ọbẹ̀ mú má bù ú bó ṣe wù ú.

A ti rí i rí. Nígbà tí Internet Explorer, bráwúsà Microsoft, gba gbogbo ìlú, tó jẹ́ pé nínú èèyàn mẹ́wàá mẹ́sàn-án ló ń lò ó, Microsoft gbé ẹ̀dà kẹfà jáde ní 2001, wọ́n bá jókòó, ẹ̀dà keje ò jáde àfìgbà tó di 2006. Ọdún márùn-ún gbáko. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní kàfé nígbà náà, mo rántí bí ìpolówó ṣe máa ń yọ lé ara wọn lórí, tá a bá pa ọ̀kan méjì á jáde, tí fáírọ́ọ̀sì á wọlé, tí ọ̀gá á ní ká tún gbogbo kọ̀ǹpútà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Firefox 1.0 tó jáde ní November 2004 ló gbà wá. Inú CD ni ọ̀gá mi ti gbé e wá, a rí i pé ó ń dí àwọn ìpolówó tó ń yọ yẹn, ó tún ní táàbù, ńṣe la pé jọ lé e lórí bí ìgbà tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun wọlé. Inú kóòdù Netscape, bráwúsà kan tó ti wà ṣáájú, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1998 ni Firefox ti wá, ká ní wọ́n tì í mọ́lé ni, ibi tí Netscape kú sí náà ni ì bá parí sí.

Owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2021 nìkan, Google san owó tó lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là fún àwọn tó ń ṣe fóònù àti bráwúsà, kó lè jẹ́ òun ni aráàlú máa bá níbẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣí i, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, adájọ́ Amit Mehta sì dá ẹjọ́ ní August 2024 pé wọ́n rú òfin. Mozilla tí mò ń yìn yìí, inú owó yẹn náà ló ti ń jẹun jù, ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Oníbàárà mi kan ń ta ata ní ọjà Kútọ̀, látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti fún wọn láyè ní January 2025 láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn ni ó ti ń kérora, ó ní òun ò ṣe ju kí òun ka ìròyìn díẹ̀ lọ, dátà á ti tán. Mo gba fóònù ẹ̀, mo wò ó, fídíò ìpolówó ló ń jẹ ẹ́, tí yóò máa ṣeré lọ fúnra ẹ̀ lójú ìwé tí kò wò. Mo gbé Firefox sí i, mo fi uBlock Origin tó ń dí ìpolówó sínú ẹ̀, nǹkan tí Chrome orí fóònù ò gbà, tí Chrome orí kọ̀ǹpútà náà sì ti yọwọ́ ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti yí òfin wọn padà. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé tòmátò kún ike kan wá fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń jẹun nídìí ìpolówó, Olóòtú, mi ò ní kẹ́ ẹ má polówó, mò ń sọ nípa èyí tó ń jẹ dátà aláta tó sì tún ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ojú ìwé kan dé òmíràn.

Bó ṣe rí fún fóònù ló rí fún láptọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, ọ̀pọ̀ ló gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi pé wọ́n ní ó ti kú. Kò kú o. Mo máa ń fi Linux Mint sí i, ìyẹn ẹ̀yà Linux, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ó ní Firefox, ó ní LibreOffice tí wọ́n lè fi tẹ̀wé, wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún sọ́fítíwíà, ẹnikẹ́ni ò sì ní wá kírákì tó ní fáírọ́ọ̀sì nínú mọ́. Èmi fúnra mi, inú lẹ́tà ni Linux ti wá bá mi, lóòótọ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá Ubuntu, ẹ̀yà Linux mìíràn, sílẹ̀ ní 2004, nígbà náà wọ́n máa ń fi CD ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Mo béèrè ní 2008, mi ò gbà gbọ́ pé wọ́n máa dá mi lóhùn, ìgbà tó yá póòsì pè mí pé ẹrù mi dé. CD yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè wa, ibi tó ká mi lára jù nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ béèrè fún owó ìrànwọ́ ilé ìwé níbì kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Lẹ́tà Ọ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀, a kọ ọ́ bí bàbá ẹ̀ ṣe kọ ọ́, fọ́ọ̀mù ní òun ò mọ lẹ́tà yẹn. A yọ àmì ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, ó gbà á. A dé ìparí, a tẹ bọ́tìnnì, kò lọ, kò sì sọ ohun tó ń ṣe é. A tún un tẹ̀, wọ́n mú iná lọ, a tan jẹ́nẹ́, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yá ni mo rí i nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n fi lẹ́tà tíntín kọ ọ́ pé Chrome nìkan ló máa ṣiṣẹ́. Firefox ló wà lórí láptọ́ọ̀pù wa, aago méjìlá òru ni wọ́n máa tì í, aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fà. Kí Chrome tó wọlé tán, wọ́n ti tì í. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn pa láptọ́ọ̀pù dé, ó ní "Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá." Wẹ́ẹ̀bù ní ìlànà tó wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé, látìgbà tí wọ́n ti dá W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, sílẹ̀ ní 1994 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ lé e, gbogbo bráwúsà ló máa ṣí ojú ìwé ẹ̀, kò sídìí tó fi yẹ kí ọmọ ẹnìkan pàdánù nítorí mọ́tò tó wọ̀ wá.

Mo mọ ohun tó ń lé yín sínú fọ́tò, Olóòtú. Ẹ̀rù àmì ohùn ni. Ẹ, ọ, àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ tó lámì lókè lámì nísàlẹ̀ ò ní nọ́ńbà ẹyọ kan, ńṣe ni wọ́n ń so lẹ́tà àti ohùn pọ̀, tí fọ́ǹtì ò bá wá dáa, ohùn á fò kúrò lórí lẹ́tà lọ jókòó sórí ẹnìkejì ẹ̀ tàbí kó di àpótí kékeré. Ìtìjú ìyẹn ni ẹ ń sá fún, mo sì gba tiyín rò. Àmọ́ oògùn ẹ̀ ti wà. Fọ́ǹtì Noto tí Google ṣe ṣí sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó ń gbé àmì wa dáadáa, Gentium àti Charis náà wà. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Gboard, èyí tí Kọ́lá Túbọ̀sún àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní YorubaName ṣe fún kọ̀ǹpútà náà wà, ọ̀fẹ́. Ní Common Voice ti Mozilla, àwọn èèyàn ń ka gbólóhùn Yorùbá sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè kọ́ ohùn wa, èmi náà máa ń lọ kà díẹ̀ lálẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Inú fọ́tò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, kò sí ìkankan nínú wọn níbẹ̀, àwọ̀ dúdú lórí funfun lásán ni, ẹni tó bá wá a kò ní rí i láéláé. Ìlú tí mo ti ń kọ̀wé sí yín yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, lẹ́tà òjé ni wọ́n ń tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà jẹ́ lẹ́tà. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa tá a ní kọ̀ǹpútà la wá ń ya tiwa ní fọ́tò?

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àmì ẹ̀, ẹ dán an wò lórí Firefox àti lórí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó ní Opera Mini kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, kẹ́ ẹ sì fún wa ní àyè díẹ̀ lójú ìwé yín tí ẹnìkan á ti máa ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún aráàlú ní Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n wá sí ọ́fíìsì yín wá bá yín to fọ́ǹtì náà, màá wá, mi ò gba owó.

Màmá ní kí n bá àwọn bi yín o: kí lẹ ní kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ga máa jẹ lálẹ́? Ìlà yẹn gan-an ló bàìbàì jù nínú fọ́tò náà.

Èmi ni tiyín,
Alátùn-únṣe láptọ́ọ̀pù kan,
Pánsẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta.