Ẹ Yéé Gé Àwòrán Inú Ìwé Àtijọ́ Tà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tó ń bí mi nínú láàárín àwọn tó ń ṣòwò ìwé àtijọ́. Bí ìwé ọmọdé tó fi àwòrán ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, abẹ ni wọ́n ń yọ sí i: wọ́n á gé alágbẹ̀dẹ, wọ́n á gé ahunṣọ, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú férémù, wọ́n á sì tà á fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ wo ìwé Orbis Sensualium Pictus, tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Comenius gbé jáde ní Nuremberg lọ́dún 1658 fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ èdè Látìnì. Nínú àwòrán alágbẹ̀dẹ, nọ́ńbà wà lára ẹwìrì, ó wà lára ẹ̀mú, ó wà lára owú àti ọmọ owú. Nọ́ńbà kan náà ló sì wà nínú àlàyé tí wọ́n kọ ní Látìnì àti ní èdè Jámánì. Bí ọmọdé bá fi ìka tọ nọ́ńbà láti ara àwòrán dé inú ọ̀rọ̀, ó ti mọ irinṣẹ́, ó sì ti mọ orúkọ rẹ̀. Kí ni nọ́ńbà náà ń ṣe lára ògiri?

Ti ìwé tí Jost Amman ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní Frankfurt ní 1568, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe torí ọmọdé ni wọ́n ṣe ṣe é). Hans Sachs, tí òun alára jẹ́ aránbàtà, ló kọ ewì sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ inú àwòrán ló sì ń fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gé ewì náà dànù ti pa á lẹ́nu mọ́. Ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tí Tabart, òǹtẹ̀wé àwọn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1804 náà máa ń sọ iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́sẹ̀, èyí tí kò sí ayàwòrán tó lè yà á.

Àwọn oníṣòwò a máa ní ìwé náà ti ya tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ọmọdé ló ni ín, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí èyí tó ṣẹ́ kù kò fi pọ̀. Ìwé tó ya ṣeé tún dì. Àwọn ilé ìkówèésí ńlá ti gbé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀ṣọ́ ògiri lè tẹ ẹ̀dà tirẹ̀ láìfi abẹ kan ìwé. Nítorí náà, bí ẹ bá tún ń kọ̀wé lórí ọ̀ṣọ́ ilé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra ojú ìwé tí wọ́n gé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín