Ẹ má kó eérú iná sínú ọ̀rá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn, kíá làwọn èèyàn ń kó eérú sínú ọ̀rá wá fún wa, ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ló da bẹntiróòlù síbẹ̀. Ó dùn wá gan-an, torí oru bẹntiróòlù ń gba ara ọ̀rá lásán jáde. Agolo ọ̀dà tuntun, tí wọn ò rọ ọ̀dà sí rí, ló yẹ. Kó má kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, kí oru lè ráyè. Bó bá jẹ́ erùpẹ̀, inú fíríìsà ni kó wà: kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ a máa jẹ epo. Bó bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló jó, ẹ tún gé irú kan náà níbi tí ẹ ò fura pé epo dé, ká lè fi wé e, torí kápẹ́ẹ̀tì tó jó lè mú èròjà tó jọ ti epo jáde.

Àwa òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò iná,
Ìbàdàn